Morádéyọ̀ àti Ìlú Abẹ́ Òkè

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí òmìnira ku díẹ̀ kó dé, obìnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tó ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì lójúde ọkọ rẹ̀. Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìyá Kẹ́mi làwọn aládùúgbò ń pè é. Àtẹ rẹ̀ kò tóbi ju ẹní ìkírun lọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, kì í fi bàtà wọ ilé Ọlọ́run, kì í sì í pa ààwẹ̀ jẹ. Ó ti ṣe tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké kó tó relé ọkọ. Ohun tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tíṣà náà ni pé, bí ọjà bá ti dá, á fa bébà yọ lábẹ́ àtẹ, á máa kọ̀wé lọ.

Kí ló ń kọ? Ìtàn obìnrin olówùú kan ni, tí òwú kíká bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Òkè Mápó, tó yí gbirigbiri wọ inú pàlàpálá àpáta. Obìnrin náà kò jẹ́ kí òwú òun lọ bẹ́ẹ̀. Ó di etí rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ lé e lọ, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ ní ìlú kan lábẹ́ òkè. Òjò ìlú náà ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ká òjìji wọn sínú àpótí bí aṣọ ọdún. Àwọn ọmọ tó kú ṣáájú òbí wọn ń lọ sílé ìwé níbẹ̀, alángbá kan tó fi awò sójú sì ni tíṣà wọn. Orúkọ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láyé ló ń kọ́ wọn láràárọ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún un. Láàárín oníbàárà tó ń wá bọ́tìnì dúdú àti èyí tó ń wá funfun ló ti ro gbogbo rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìwé tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí dá a padà. Wọ́n ní ìwé ìṣirò làwọn ń ṣe. Ló bá gbé e tọ Joseph lọ, atẹ̀wé kan lẹ́bàá Ọjà'ba, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó fi ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Morádéyọ̀ fi owó àjọ rẹ̀ sí i. Ó jókòó ti Joseph bó ṣe ń to lẹ́tà òjé níkọ̀ọ̀kan, ó ń ṣọ́ ọ kó má baà fo àmì orí ọ̀rọ̀ kankan. Lọ́jọ́ tí èèpo ìwé jáde, tó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé MORÁDÉYỌ̀ LÓ KỌ Ọ́, ó fi ìka kan orúkọ náà. Tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fọ ọwọ́ náà títí tó fi di àsìkò oúnjẹ alẹ́.

Ó ń tà á pọ̀ mọ́ òwú. Bó bá lọ ra ọjà ní Gbági, a kó díẹ̀ sínú agbọ̀n. Àwọn tó rà á ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ní ìlú abẹ́ òkè yẹn, ṣé wọ́n ń san owó orí?"

"Wọn kì í san."

"Ẹ bá mi palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Òní ni mò ń lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á sún mọ́ àtẹ, wọ́n á rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní: "Ọ̀nà ibo lẹ gbà wọlé gan-an?" Ó rò pé àwọn yẹn náà ń ṣeré ni.

Kúbúrá ló kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé wọn kò ṣeré. Aláró ni Kúbúrá, àgbà obìnrin láti agboolé kan ní Bẹyẹrúnká, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ẹlú dé ìgúnpá. Sìdí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ni èéyi pa lọ́dún tó ṣáájú. Kò mọ̀wé; ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ka ìwé náà sí i létí. Ó dé, ó jókòó sórí àpótí, kò wo àtẹ.

"Ẹ kú àbọ̀, ìyá. Òwú wo lẹ fẹ́?"

"Òwú kọ́, Ìyá Kẹ́mi. Ọmọ ni." Ó fa àpótí sún mọ́ ọn. "Àwọn ọmọ ilé ìwé tó o rí lọ́hùn-ún. Tèmi pupa díẹ̀. Ó ní àpá iná lẹ́yìn ọwọ́. Tí wọ́n bá bú u, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sunkún. Ṣé o rí i?"

 Morádéyọ̀ ti múra sílẹ̀ de ẹni tó máa ní ìwé náà gùn jù, àti ẹni tó máa ní ó wọ́n jù. Kò múra de èyí.

"Ìyá, ẹ dákun. Mi ò débẹ̀ rí. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo ti fi orí ara mi rò ó. Kò sírú ìlú bẹ́ẹ̀."

Kúbúrá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mi orí, bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tó wá gbọ́.

"Mo mọ̀. Wọ́n á ti ní kó o má sọ."

"Ìyá, kò sẹ́ni tó..."

"Má wulẹ̀ dara ẹ láàmú. Bó o bá padà lọ, sọ fún un pé mo ti tún òrùlé ṣe. Ilé ò jò mọ́."

Ó dìde, ó gbọn ìdí ìró, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Àwọn tó fẹ́ ránṣẹ́ sókùú ń dé, olówùú kò ráàyè ta òwú. Ìyá kan gbé ẹ̀wù wá kó bá òun fi jíṣẹ́ fún ọmọ òun tó kú. Bàbá kan wá láti Òde Ajé, ó fẹ́ kó bi ọmọ òun léèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí sí kó tó kú. Morádéyọ̀ ń sọ fún wọn níkọ̀ọ̀kan pé òun kò lọ ibì kankan. Bó ti ń sẹ́ tó ni wọ́n ń gbà á gbọ́ tó, nítorí ẹni tó bá débẹ̀ lóòótọ́, ṣé á máa pariwo?

Ìwé tán pátápátá. Òǹkọ̀wé wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Inú tiẹ̀ kò dùn. Nínú gbogbo àwọn tó wá, kò sẹ́nì kan tó ní: "Ìyá Kẹ́mi, o mà gbọ́n o! Báwo lo ṣe rò ó?" Ọ̀rọ̀ kan yẹn péré ló ń retí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì, nípa télọ̀ kan tó ń rán aṣọ fún afẹ́fẹ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n rà á nítorí pé òun ló rò ó.

Nígbà náà ni Wòólì Adéyẹ́misí, olórí ìjọ wọn, ránṣẹ́ pe òun àti Ezekiel ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Káfíńtà ni Ezekiel. Òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì ìjọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí kí wọ́n fi òun jẹ alàgbà.

"Ìyá Kẹ́mi," ni Wòólì wí, "ta ló fi ìlú yẹn hàn ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí, bàbá. Mo rò ó ni."

"O rò ó." Wòólì yíjú sí Ezekiel. "Bàbá Kẹ́mi, ṣé ìyàwó yín máa ń rántí fi iyọ̀ sọ́bẹ̀?"

"Ó máa ń gbàgbé nígbà míì, bàbá."

"Ẹni tí ò rántí iyọ̀. Òun ló wá fi orí ẹ̀ tẹ odidi ìlú dó."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni Morádéyọ̀ wí, "àwọn ìyá wa ń pàlọ́. Wọ́n ní ìjàpá fò, wọ́n ní ìjàpá gbé ọmọ ọba níyàwó. Kò sẹ́ni tó rí i, a ò sì pè wọ́n ní òpùrọ́."

"Ta ló ni àlọ́? Àlọ́ ò lólúwa. Ìwọ so orúkọ mọ́ tìẹ. Ẹni tó bá so orúkọ mọ́ ọ̀rọ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Bó o bá rí i, jẹ́rìí. Bó ò bá rí i, ẹlẹ́rìí èké ni ẹ́, o sì mọ ohun tí Òfin Mẹ́wàá wí."

Ènìyàn burúkú kọ́ ni Wòólì. Ó ti rí àwọn tí oorun ti dá lójú wọn tí wọ́n padà ń sùn nítorí ìwé náà. Ó ní ìjọ á tún un tẹ̀ fún ìkórè, ìjọ á sì san gbogbo ẹ̀. Gbólóhùn kan ni wọ́n máa fi kún èèpo rẹ̀: Ìran tí Ọlọ́run fi han ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀.

"Orúkọ ẹ á ṣì wà níbẹ̀," ni Wòólì wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

"Ìwọ àti ìrò yìí!"

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ Mápó ni Ezekiel sọ̀rọ̀.

"Ìyá Kẹ́mi, gbólóhùn kan ṣoṣo. Kí ni gbólóhùn kan?"

"Tí mo bá ní Ọlọ́run ló fi èyí hàn mí, ti télọ̀ tí mò ń kọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ni mo máa ní ó fi ìyẹn hàn mí? N ò ní lè ro nǹkan kan mọ́ láyé mi láìpurọ́ mọ́ Ọlọ́run."

Ezekiel dákẹ́. Morádéyọ̀ rò pé ó gbà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nílé ọkọ mọ̀ pé ìdákẹ́ ọkùnrin kì í sábà jẹ́ gbígbà. Ezekiel gba ọ̀dọ̀ Joseph lọ, ó ní ìyàwó òun ti fọwọ́ sí i. Joseph kò béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọkọ ti sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n tún ń bi aya?

Ọjọ́ ìkórè ni Morádéyọ̀ tó rí i. Wọ́n to ìwé náà bẹẹrẹ síwájú pẹpẹ, láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbólóhùn yẹn sì wà lára gbogbo wọn. Ojú rẹ̀ wá ojú ọkọ rẹ̀. Ezekiel ń wo òrùlé. Wòólì pe Morádéyọ̀ pé kó wá jẹ́rìí. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ pàápàá ti kún ìta. Kúbúrá da ìborùn borí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, nítorí Mùsùlùmí ni, kò fẹ́ wọlé.

Gbogbo ohun tí Morádéyọ̀ nílò kò ju kó tẹ orí ba, kó ní "Ògo ni fún Ọlọ́run," kó padà lọ jókòó.

"Ẹ̀yin ará," ni Morádéyọ̀ wí, "Ọlọ́run ò fi nǹkan kan hàn mí. Ó fún mi lórí, mo sì fi ṣiṣẹ́. Èmi ni mo rò ó. Èmi ni mo kọ ọ́."

 Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá.

"Sìdí mi ńkọ́? Níbo ló wà?"

 Morádéyọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sin ọmọ náà sí lẹ́yìnkùlé ní Bẹyẹrúnká, Kúbúrá sì mọ ibẹ̀ jù ú lọ.

"Ó dáa," ni Kúbúrá wí. "Ọmọ olọ́mọ lo fi ń ṣeré." Ó ká ìborùn rẹ̀, ó lọ.

Wòólì ní kí ìjọ gbàdúrà fún arábìnrin wọn, ẹ̀mí ìgbéraga ló bà lé e. Wọ́n gbà á kíkankíkan. Ezekiel kò di alàgbà lọ́dún yẹn, kò sì jẹ ẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀, kì í kí i kú ọbẹ̀. Àwọn aránṣọ Bẹẹrẹ wá olówùú mìíràn. Nígbà tó gbé ìtàn télọ̀ dé ọ̀dọ̀ Joseph, onítọ̀hún kò jẹ́ kó tú u.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ má bínú. Ta ló máa rà á? Wọ́n á bi mí pé òkú ta ló wà nínú eléyìí."

Ó kà á fún Olúwakẹ́mi, ọmọ rẹ̀, tó ti wà nílé ìwé girama nígbà náà. Ọmọ náà gbọ́ ọ dópin.

"Màámi, ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá kọ ọ́?"

Bébà télọ̀ náà ló padà fi ń di bọ́tìnì fún àwọn oníbàárà tó ṣẹ́kù.

Ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọn kò sun ún. Ta ní í sun ohun tí èèyàn ń rà? Ìjọ tún un tẹ̀, àwọn ìjọ mìíràn náà gbà á tẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí kò yẹ kí orúkọ ẹni tó sẹ́ ìran wà lára ìran. Wọ́n yọ alángbá náà. Áńgẹ́lì ló ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Lọ́dún tí ìjà òṣèlú gbóná, tí wọ́n ń dáná sunlé ara wọn káàkiri ìlú, Morádéyọ̀ ń bọ̀ láti Agodi, níbi tó ti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá obìnrin kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó tó tẹ́ ìwé àdúrà àti kàlẹ́ńdà sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Ìlú Abẹ́ Òkè, wà láàárín wọn, èèpo rẹ̀ funfun báláú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

"Ẹ rà á, ìyá. Ó ń tu èèyàn nínú. Àwọn tí wọ́n pa ọmọ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ni wọ́n ń wá rà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọlọ́run ni."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Obìnrin náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Háà, ìyá! Àgbàlagbà bíi tiyín. Ẹ tètè tọrọ àforíjì kí ilẹ̀ tó ṣú."

Morádéyọ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń retí kí ẹnì kan bá òun dá sí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run, tó mọ̀ pé Òun kọ́ ló kọ ọ́, kò sọ nǹkan kan.