Ilé Tí A Kò Ti Kí Wọn Kú Ọ̀fọ̀

Dírẹ́bà ìjọba ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé mi wá sí Port Harcourt. Mo rò pé ọdún méjì ni n óò lò, mo sì wà níbẹ̀ títí dòní, ní Rumuodara, nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fojú fò ó.

Àkọ́bí wa ọkùnrin, tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́, ló mú èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí etí òkun Mẹditaréníà, ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ogójì ọdún. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló júwe òtẹ́ẹ̀lì náà fún un. Ó ní àwọn olówó ló ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kan ṣoṣo ló ni ín: bàbá bàbá wọn ló kọ́ ọ, ìyá ń se oúnjẹ, àwọn ọmọ ń gbàlejò, wọ́n sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn ni ìyàwó mi dì mú. Ó ní tó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, a kì í wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. Ó lọ sí ọjà Mile Three, ó ra aṣọ jọ́ọ̀jì pupa kan tó ń dán, irú èyí tí àwọn ìyá Rivers ń ró lọ síbi ìgbéyàwó. Ó dì í sísàlẹ̀ àpótí, ó fi ike gàrí kan tì í. Ọmọ wa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, òtẹ́ẹ̀lì là ń lọ o, a ò lọ fẹ́ ìyàwó."

Ilé náà dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òkúta funfun ni wọ́n fi ṣe ilé ìwẹ̀ rẹ̀, aṣọ ìnura wọn nípọn bíi kúbùsù. Bí èèyàn bá ṣí fèrèsé, òkun náà búlúù débi pé ìyàwó mi bi mí bóyá wọ́n po nǹkan sí i ni. Omi tí àwa mọ̀ ní Port Harcourt, epo ló ń léfòó lójú rẹ̀.

Bàbá onílé máa ń jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ igi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó gbé aṣọ náà fún un. Bàbá yẹn fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ìyá náà nu ọwọ́ sára épúrọ́ọ̀nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Orí tábìlì ńlá tó wà ní pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ aṣọ ìró sí. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, bàbá á fọwọ́ ara rẹ̀ já lẹ́mọ́ọ̀nù kan fún ìyàwó mi. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Bàbá á sọ tirẹ̀, ìyàwó mi á ní, "Ẹ óò pẹ́ fún wa, bàbá," bàbá á sì mi orí bíi pé ó yé e.

Kí ọmọbìnrin ilé náà tó wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ìyàwó mi á ti tẹ́ ẹ, á sì ti nu ilé ìwẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá bi ọmọ wa bóyá orí ilẹ̀ là ń sùn. Ojú ti ọmọ wa. Ìyàwó mi ní ojú ò ti òun, pé àlejò obìnrin kì í káwọ́ gbera nílé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ti mọ orúkọ gbogbo wọn, ó sì kọ́ mi. Mo ṣì mọ̀ wọ́n lórí: ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan ti ajá. N kò ní kọ wọ́n síbí. N kò tọ́ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kò sí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi bi ọmọbìnrin ilé náà tó wà nídìí tábìlì àbáwọlé pé, "Papa nko?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ń sinmi. Nígbà tí a jókòó, ìyàwó mi rọra sọ fún mi pé ojú ọmọ yẹn wú. Mo ní bóyá kò sùn dáadáa ni.

Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn àlejò yòókù wà létí òkun tí wọ́n ń yá oòrùn, ìyàwó mi pè mí wá sí fèrèsé ilé ìwẹ̀, èyí tó kọjú sẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn ọmọ ń gbé pósí jáde. Mọ́tò funfun tó máa ń wá kó aṣọ lọ fọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ìyá náà ń tẹ̀ lé e, épúrọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu kí igbe má bàa jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n gbé áíìsì kiriìmù lọ fún àwọn tó wà létí òkun.

Ìyàwó mi bọ́ aṣọ aláràbarà tó wọ̀, ó ró ìró dúdú, ó wé gèlè pẹlẹbẹ. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ wa wọlé, tó bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá tó ṣòfò.

Ọmọ wa ti mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ pé kó má sọ. Ó ní àwọn èèyàn wá ṣe fàájì ni, tí wọ́n bá gbọ́, wọn á palẹ̀ mọ́. Ọmọ wa ní ọ̀rẹ́ ilé náà ni ọ̀gá òun, pé kí ìyá òun má dójú ti òun. "Òtẹ́ẹ̀lì ni, Mọ́mì. Kì í ṣe ilé àna yín."

Ìyàwó mi ní, "Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá gba aṣọ lọ́wọ́ mi, òkú rẹ̀ kàn mí." Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ dírẹ́bà ṣe rí. Ọ̀gá á sunkún lẹ́yìn mọ́tò, á bá ìyàwó rẹ̀ jà, á gbé ẹni tí kò yẹ kó gbé. Dírẹ́bà kò rí i. Iwájú ló ń wò. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yìn mí, wọ́n sì fún mi níwèé ìyìn nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo wo àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì yẹn, mo rí àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àánú wọn ni mo rò pé mo ń ṣe.

Mo ní, "Jókòó. A ò rí nǹkan kan."

Ó tú gèlè. Láti ìgbà náà kò jẹ oúnjẹ ilé náà mọ́. Gàrí tó gbé wá ló ń rẹ mu nínú ife wáìnì wọn, ọjọ́ méjì gbáko.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́. Ó kun ètè. Nígbà tó kan ìyàwó mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi la ẹnu, ó wo ojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí bíi pé mo ń wá nǹkan. Ó ní, "Tank you, ma," ó sì yọ ọwọ́.

Nínú takisí ló ti sọ ọ́. "Obìnrin yẹn ń retí kí n sọ ọ́ ni."

Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn dá a gúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìyá Ikwerre tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa wá jókòó tì mí lórí ẹní láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Ikwerre. Á ní, "Ndo, Papa," ìyẹn ni pẹ̀lẹ́, á tún un wí. Obìnrin tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní jọ́ńkíṣọ̀n kò dáná lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo fi du ìyá Ítálì yẹn. Ọmọ wa dé, ó gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, torí iná kì í dúró nílé wa. Ní ọjọ́ kẹta ó bi mí pé ìgbà wo ni àwọn èèyàn máa tó ṣíwọ́ wíwá. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo ní kí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Rumuolumeni, bá mi kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù rẹ̀. Mo ní kó sọ pé a kí wọn kú ọ̀fọ̀ bàbá. Pé ìyàwó mi fẹ́ kí wọn lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dá a dúró. Pé òun náà ti kú. Ó ń sunkún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé. Ó kà á, ó fẹ́ gbé fóònù pamọ́. Mo ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Dádì, dem say make una come again. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ẹ gbádùn ara yín. Wọ́n ní yàrá tó kọjú sí òkun wà fún ẹ̀yin méjèèjì."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé kì í ṣe èèyàn ló fèsì, ẹ̀rọ ni. Mo ní kó tún un kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ náà tún sọ.

Mo ra bébà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ní Yorùbá, bí ìyàwó mi ì bá ṣe sọ ọ́: ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ mi obìnrin ní bóyá ìyá yẹn náà ti kú. Mo ní kó ṣáà bá mi fi ránṣẹ́.

Oṣù kẹjọ rèé, kò sí èsì. Ọmọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá kà á tí wọ́n sì dákẹ́, wọn kò ṣe ju ohun tí mo ṣe lọ.