Ìyàwó Létí Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́

Títí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi pa ipò dà, "ìyàwó" ni ó ń pè mí, bí mo tilẹ̀ ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Kí ó tó bú mi, yóò kọ́kọ́ fi ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀ nu ètè.

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, já sínú garawa omi òjò ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fà á yọ, mo ní kí ó di ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nu ètè. "Ìyàwó, ṣé garawa béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó tó gbà á wọlé ni?"

Ó kó wa lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sọ pé àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ gbé ọmọ náà dání nínú omi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi kẹ̀? Ta ni ó ń pọn omi nílé ọkọ? Ó yá, ìyàwó!"

Èmi, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí, wọ ṣòkòtò ọkọ mi bọ́ sómi. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ń ké pe Olúwa.

Ọmọ náà ti ń dá lúwẹ̀ẹ́ báyìí. Èmi ṣì di etí adágún mú. Ní Sátidé tó kọjá, ó yíjú sí mi láti àárín omi, ó fọwọ́ nu ètè.

"Ìyàwó, ó yá!"