Bàbá Akínlabí Ò Gba Fall

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àkàbà bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Calgary, ní Canada níbí, tí kò tíì gbọ́ tibẹ̀. Ìparí September ni. Bàbá Akínlabí bá àwọn ará ìjọ lọ sí ìlú ìgbafẹ́ kékeré kan létí adágún, ìrìn wákàtí méjì sí ilé. Àwọn tó wá ṣe summer níbẹ̀ ti ń kó ẹrù wọn lọ. Obìnrin òyìnbó tó ń ta ice cream gun àkàbà, ó ń tú àwọn àsíá summer kúrò. Ó rí bàbá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Happy fall, sir!"

Yéè! Bàbá sáré fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. "God forbid! You will not fall! In Jesus' name!"

"No, no, I mean it's fall!" ni obìnrin náà ń wí.

"I reject it! Come down!" Kò fi àkàbà sílẹ̀ títí obìnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi tó fi fún bàbá ní ice cream. Bàbá lá a tán, ó ní òun ti gba ẹ̀mí kan là lónìí.

Ẹ má rò pé kò gbọ́ Òyìnbó o. Engineer ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ páìpù epo kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ Dóyin ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò McKenzie Towne. Ó mọ̀ dáadáa pé fall ni wọ́n ń pe àsìkò tí ewé ń wọ́ níbí; agídí lásán ni. Ó ní ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ, kò sì yẹ kí Kristẹni máa kí ìṣubú káàbọ̀ lọ́dọọdún.

Nígbà tí Pásítọ̀ Fọláhàn kéde Fall Retreat, bàbá nàwọ́ sókè láàárín ìjọ. "Pásítọ̀, ẹ fẹ́ kó wa lọ sínú ìṣubú, ẹ tún ní ká wá forúkọ sílẹ̀?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní, "Bàbá, kí ni ká wá máa pè é?"

"Ìwọ́wé! Igi ò ṣubú, ewé ló wọ́. Igi tó bá sì wọ́wé, á tún rúwé." Bí wọ́n ṣe kọ Ìwọ́wé Retreat sára flyer nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun bàbá: Tamílọ́rẹ, ọmọ Dóyin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Calgary ni wọ́n bí i sí. Ó fẹ́ràn bàbá bí ojú, àmọ́ Òyìnbó ló fi ń dá a lóhùn. Bàbá á ní, "Tamí, ṣé o ti jẹun?" Á ní, "Yes, Grandpa." Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni bàbá fi kọ́ ọ ní ìwọ́wé.

"Iwo-way?"

"Mi ò ní kó o júwe ọ̀nà Ìwó fún mi!" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún Dóyin pé, "Kí n ṣáà gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ yìí kí n tó lọ. Kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe pé mo kọ́ ọ."

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dóyin ní kò gbọdọ̀ lọ sí adágún mọ́: òjò ti rọ̀, ewé tútù ti kún ọ̀nà.

"Dádì, ẹ máa ṣubú."

"Ta ni? Èmi?" Kò bá a jiyàn mọ́. Ó lọ jókòó sínú mọ́tò, ó de seatbelt.

Wọ́n dé ọ̀hún, ìlú ti dákẹ́, wọ́n ti kó àwọn ọkọ̀ ojú omi sórí ilẹ̀. Bàbá àti Tamílọ́rẹ ń rìn létí omi, Dóyin ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójijì, ẹsẹ̀ bàbá yọ̀. Tamílọ́rẹ gbá a lápá mú.

"Ẹ rọra, Bàbá!"

Bàbá dúró gbọin. "Kí lo wí?"

Ojú ti ọmọ náà. "Ẹ rọra. It's what Mummy always says to you."

"Dóyin, ṣé o gbọ́? Kò ní 'rọra' o, 'ẹ rọra' ló wí!" Omi ti lé sí i lójú.

Ibẹ̀ sí ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò ò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàbá yọ̀ nígbà mẹ́fà. Yéè! Ẹ rọra, Bàbá! Yéè! Ẹ rọra! Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Dóyin wolẹ̀, ó rí i pé orí kọnkéré gbígbẹ ni wọ́n wà.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní February. Ó dùn wá gan-an, àárò rẹ̀ ṣì ń sọ wá. Nígbà míì, ẹnì kan á bi Dóyin pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí arúgbó lọ rìn níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

"Ilẹ̀ kọ́ ló ń yọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni Dóyin máa ń wí. "Bàbá mi ló ń yọ̀."