Ògì Tí Mi Ò Fi Ṣúgà Sí

Ọdún méjì gbáko ni nọ́ọ̀sì fi ní kí n má gbààwẹ̀ Ràmàdáànì nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó ń ṣe mí. Ọdún méjì ni ìyàwó mi fi ń dá jí jẹ sààrì, tó ń dá ṣínu, tí èmi baálé ilé ń sá jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní kọ̀rọ̀ kíṣìnì bí ẹni tó jí ẹran ìkòkò. Ojú ń tì mí. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ààwẹ̀ tún dé, mo bẹ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun á gbà bí ṣúgà mi bá wálẹ̀. Ó wá lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ mi lápá, kí n lè máa fi fóònù wo bí ṣúgà ṣe ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

Mo pa ẹ̀bà tì. Láràárọ̀, abọ́ ògì ńlá kan péré ni, mi ò fi ṣúgà kàn án, mi ò fi mílíìkì kàn án. Ó kan lẹ́nu, àmọ́ mò ń fi í yangàn. Síbẹ̀, kí n tó rìn dé ibùdókọ̀, fóònù á ti máa ké nínú àpò mi pé ṣúgà ti fò sókè.

Inú bí mi. Irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa! Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Deptford níbí ní ìlú òyìnbó, bí ẹni tó fẹ́ dá ọjà gbàrọgùdù padà.

"Uncle, kí lẹ máa ń jẹ for breakfast?"

"Ògì. Mi ò fi ṣúgà sí i rárá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Uncle, ògì yẹn gan-an ni. Once tẹ́ ẹ bá ti mu ún, ó ti di sugar nínú body yín nìyẹn."

Ọmọ tí mo lè bí! Ògì tí ìyá mi fi ń tọ́jú mi bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀! Ṣùgbọ́n mo rò ó wò: àgbàdo ṣáà ni, a sì ti sẹ́ gbogbo èèrí rẹ̀ dànù. Mo gba kámú.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹyin bíbọ̀ ni ìyàwó mi ń gbé fún mi láàárọ̀. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ. Bí a bá jẹun tán, a ó jọ rìn yí pápá etílé ká, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ìyàwó tó ń re ilé ọkọ. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rìn bẹ́ẹ̀ láìsí pé shift iṣẹ́ ń pe ẹnì kan nínú wa.

Ṣúgà wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì yí àkókò tí mo ń lo oògùn padà, ó ní kí n gbààwẹ̀, àmọ́ bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, kí n ṣínu lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, oòrùn wọ̀, mo jókòó sídìí tábìlì. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ jáde, ó gbé àwo kan ṣoṣo kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ó wo àwo, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ má bínú, Daddy," ó ní, "ó ti mọ́ mi lára ni."

Èmi fúnra mi ni mo dìde lọ mú ìkejì wá.