Ọ̀rọ̀ Tí Dókítà Sọ Nínú Ìbòmú

Ibà kan ló gba etí lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohùn mi ò bá a lọ. Mò ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo ènìyàn, mo tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ jù, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í gbà pé adití ni mí. Ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mo ń wò, òun ni mo fi ń gbọ́ràn. Bí oníbàárà méjì bá dúró ní òdìkejì títì níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Agboju, tí wọ́n ń bú aṣọ tí mo rán, mo máa ń pè wọ́n padà kí wọ́n wá bú u lójú mi. Ìyá mi máa ń ní Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn, ó gbàgbé fèrèsé.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba ní dandan ni kí gbogbo ènìyàn wọ ìbòmú, fèrèsé náà tì.

Ọjà Agboju tí mo mọ̀ bí ẹni mowó wá di ibi tó ń bà mí lẹ́rù. Ní kékeré, wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà, tó yọjú wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò rí àwọn tí kì í ṣe ènìyàn tí wọ́n ń nájà. Èmi ò bẹ̀rẹ̀ o. Mo dúró ṣánṣán lọ́sàn-án gangan, ojú tí kò lẹ́nu ni mo sì ń rí. Aṣọ ń wú, aṣọ ń rọ̀ níwájú imú wọn, ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí, àbí ara wọn? Ẹnìkan á ṣàdédé gbá mi léjìká láti ẹ̀yìn, màá yíjú padà, ẹyinjú méjì tó ti bínú ni màá bá. Mo yéé kí ènìyàn, torí n kì í mọ̀ bóyá wọ́n dáhùn. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù.

Àsìkò yẹn ni ìyá mi, tí a jọ ń gbé ní Raji Rasaki Estate, ṣubú nílé ìdáná. Mo gbé wọn dé ọsibítù kan ní Festac. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé wọn wọlé, wọ́n sì fọwọ́ júwe àga fún mi níta. Ìdákẹ́jẹ́ ò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n tibí yìí yàtọ̀. Ó dà bí ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti panu pọ̀ láti fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó sáà dá ìyá mi sí.

Nígbà tó yá, dókítà àti nọ́ọ̀sì kan jáde. Mo béèrè bóyá ìyá mi ti lajú. Ìbòmú dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní etí mi di, mo bẹ̀ ẹ́ kó fà á sílẹ̀ díẹ̀. Ó sún sẹ́yìn. Mo na fóònù mi sí i pé kó tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lé àyà, ó mi orí sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì kéré. Láti ìgbà tí n ò ti rí ẹnu wò mọ́, ojú tó bá kéré báyẹn, ẹ̀rín ni mo ń kà á sí.

Ayọ̀ gbé mi dé ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é fún ìyá mi lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é fún ìyá tiyín náà."

Ó wò mí, ó sì yára lọ. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn pé ara ìyá wa ti yá.

Nọ́ọ̀sì yẹn ò lọ. Ó dúró tì mí, ó ń wò mí, ó wá fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni.

"Àǹtí, dókítà ti sọ fún yín pé Màmá ò sí mọ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣépè fún ìyá wọn?"

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.