Òkú Tí Kóòtù Kò Tíì Dá Sílẹ̀

Télọ̀ mi ti kú, ṣùgbọ́n kò tíì gba òmìnira. Ẹ má rò pé àṣìkọ ni. Ó kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá tí gbogbo yàrá ń tọ̀ sí. Òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nítorí àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ìjọba tí kò lè ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ti wá ń ṣọ́ òkú rẹ̀ lójú méjèèjì.

Padà-Wá-Lọ́la ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Bí o bá gbé aṣọ fún un nígbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo máa wọ̀ ọ́. Á sì fi ẹ̀rín purọ́ fún ọ, tépù á wà lọ́rùn rẹ̀, o ò ní lè bá a jà. Ó rán ṣòkòtò kan fún mi tí mi ò lè fi jókòó. Nígbà tí mo gbé e padà, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ṣòkòtò, ikùn mi ni kí n lọ tún ṣe. Àmọ́ bó bá gbọ́ pé ọmọ aládùúgbò kan fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́, á pa gbogbo aṣọ àwa àgbà tì, yunifọ́ọ̀mù ọmọ yẹn á sì ṣetán lọ́jọ́ tó dá gan-an. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Aṣọ ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ó ṣe àṣìṣe tí kò sí télọ̀ tí kò ṣe é rí: ó gé aṣọ oníbàárà kan fún oníbàárà mìíràn. Aṣọ búlúù méjì ló wà lórí tábìlì. Èyí tó jẹ́ ti ìyàwó ọ̀gá ńlá kan ló fi rán gáùn fún obìnrin olùkọ́ kan, olùkọ́ wọ gáùn, ó bá ìrìn àjò lọ. Ìyàwó ọ̀gá fajú ro, ọ̀gá ké sí ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì pe àṣìṣe ní olè jíjà. Kóòtù ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lé ná. Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi dé, ó dá gáùn padà, ìyàwó ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá pé inú òun ti rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ti ìjọba. Ṣé ìjọba ló ń wọ gáùn ni?

Àìsàn sémìísémìí ń ṣe é, ó máa ń fín òògùn sẹ́nu láti inú agolo kékeré kan kó tó lè mí dáadáa. Wọ́dà ẹnu ọ̀nà gba agolo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ti kó èèyàn jọ bíi sadíìnì inú agolo, tí àwọn kan ń dìde kí àwọn mìíràn lè rí ibi sùn. Wọ́n mọ̀ pé télọ̀ ni o. Òun ló ń tú kàkí àwọn ọ̀gá wọ́dà tó ti fún wọn níkùn. Oúnjẹ ta ni wọ́n ń jẹ tí ikùn wọn fi ń yọ, nígbà tí tàwọn ẹlẹ́wọ̀n ń wọlé sí i?

Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ṣe é yẹ kó jẹ oyè. Dókítà kì í wá sí yàrá, aláìsàn ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Ẹni tó bá rìn débẹ̀, wọ́n á ní ara rẹ̀ le. Ẹni tí kò lè rìn, wọ́n á ní kò wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní yàrá, tó ti jáde báyìí, sọ fún mi pé ọ̀gànjọ́ òru ni èémí télọ̀ há, tí àwọn sì ń fi àwo lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Wọ́dà dáhùn láti ìta pé kí aláìsàn rìn wá fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò rìn.

Ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí kì í lépo rárá bí ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bá pé, wá lépo wẹ́rẹ́ láti gbé òkú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, onídìrí ni, gbé aṣọ funfun wá láti fi wọ̀ ọ́. Wọ́dà bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ lọ gba àṣẹ wá ní kóòtù. Ẹni tí ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, a ò lè yọ̀ǹda rẹ̀."

"Ṣé ẹ rò pé ó máa sá lọ ni?"

Obìnrin náà gba kóòtù lọ, mo tẹ̀ lé e. Adájọ́ béèrè olùjẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó tún gáùn rẹ̀ ṣe, ó ní wọn kò gbé e wá láti ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ bá dìde.

"Olúwa mi, àbúrò mi ti kú."

Adájọ́ ní kó jókòó, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kó wá sọ ìyẹn fún kóòtù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní kóòtù ni kó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ òkú síwájú, wọ́n sì pe ẹjọ́ tó kàn.

Wọ́n ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ ti ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín rí? Mo fẹ́ kí wọ́dà tó gba agolo yẹn wá sọ ní gbangba ẹni tó rán an. Mo fẹ́ rí dókítà tí kì í rìn. Mo fẹ́ kí adájọ́ sọ fún wa ohun tó fẹ́ bi olùjẹ́jọ́ náà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo ìyẹn, ẹ gbé òkú èèyàn fún èèyàn rẹ̀. Kò sí kóòtù tó dá a lẹ́bi rí. Aláìṣẹ̀ lẹ tì mọ́lé, aláìṣẹ̀ ló kú, aláìṣẹ̀ lẹ ṣì tì mọ́ inú òtútù títí dòní. Ẹ ṣílẹ̀kùn.