Òdo Tó Da Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ Rú

Àbúrò tó tẹ̀lé mi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìrọ̀lẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Òun ló dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, níbi tí olùkọ́ ti ń tún ìṣirò ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ káàánú rẹ̀, á ní, "Ìrọ̀lẹ́ ni mo bí, ẹ kí mi kú ewu ọmọ." Èmi náà kò gba àánú wọn. Obìnrin tó dá nǹkan sílẹ̀ láyé kì í ṣe ẹni tí à ń ṣíjú àánú wò.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wọn fẹ́ pinnu bóyá kí ẹ̀kọ́ náà dé gbogbo iléèwé tàbí kó wábi gbà, àbúrò mi ní kí n wá jókòó ti òun, nítorí ọkàn òun kò balẹ̀. Fáànù ń dún gbàgàgbàgà lókè. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Aṣèṣirò ti kó máàkì iléèwé kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún, sínú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá Ìrọ̀lẹ́, ẹ kú oríire! Àwọn iléèwé yín fi máàkì mẹ́jọ ju àwọn tó kù lọ."

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀gá nàka sí ìsàlẹ̀ àbájáde náà. "Òdo wo tún nìyí?"

"Àyẹ̀wò bóyá iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀ ni, sà. Òdo ló jáde. Kò síyàtọ̀ láàárín wọn nìyẹn, a lè da gbogbo wọn pọ̀."

Ẹ̀rín kú lójú àbúrò mi. "Tún un sọ."

"Mo ní kò síyàtọ̀, mà."

"Irọ́ ni! Òdo yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ìyàtọ̀, ìwọ̀n bó ṣe lè jẹ́ èèṣì ni. Ohun tó ń sọ ni pé, ká ní ìwà wọn bára mu ni, agbára káká la fi lè rí irú máàkì yìí. Wọn ò bára mu rárá! Iléèwé tó ní iná, tó ní olùkọ́ tó péye, ló tètè gba ẹ̀kọ́ mi. Wọ́n ti dáa kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Fi iléèwé kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ ìwé?"

"Èmi ni. Ṣé mi ò tó èèyàn ni?"

Aṣèṣirò tún un ṣe. Máàkì mẹ́jọ wálẹ̀, kò tó ìdajì máàkì kan mọ́, kò sì sí ohun tó fi yàtọ̀ sí èèṣì lásán. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, máàkì mẹ́jọ yẹn tan èmi náà jẹ! Àbúrò mi tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, ó parí nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ fi ránṣẹ́."

A rìn dé ilé. Lẹ́nu ọ̀nà ló tó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo wá ń ṣe látọjọ́ yìí?" Mi ò wá irọ́ kankan pa fún un.

Àwọn ẹbí ní kí n má kọ èyí, pé àbùkù ni. Àbùkù ta ni? Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí àbúrò mi kọ̀ láti rán ẹlòmíràn, tó fúnra rẹ̀ lọ sọ fáwọn olùkọ́ pé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti dópin. Mo tẹ̀ lé e. Olùkọ́ àgbà kan dìde, omi lójú rẹ̀.

"Ta ni ìkà tó pa á, mà? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa."

"Èmi ni," ni àbúrò mi wí.